Owó opó àti ṣékélì Júdásì: bí a ṣe ń dá owó àtijọ́ àwọn Júù mọ̀

Ìyá kan láti Abẹ́òkúta ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó bá ìjọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mímọ́, ó sì ra owó àtijọ́ méjì ní ìsọ̀ kan nínú ìlú àtijọ́ Jerúsálẹ́mù. Ọ̀kan jẹ́ owó idẹ kékeré tí èékánná fàdákà mẹ́rin dì mú, kí ó lè fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ìdákọ̀ró wà lójú rẹ̀ kan, ìràwọ̀ wà lójú kejì, olùtajà sì pè é ní owó opó. Èkejì jẹ́ owó fàdákà ńlá. Ife tí èéfín ń ti inú rẹ̀ jáde wà lójú kan, ẹ̀ka igi eléwé wà lójú kejì, lẹ́tà Hébérù sì yí wọn ká. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni wọ́n san fún Júdásì. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí fún méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London rí àwòrán wọn lórí fóònù, ó ní gbàrọgùdù ni méjèèjì, pé ìdì tó yọ síta létí owó idẹ yẹn fi hàn pé ńṣe ni wọ́n dà á. Màmá ń béèrè pé ta ni kí òun gbà gbọ́. Ó tún fẹ́ máa ṣa irú owó bẹ́ẹ̀ jọ láti ìsinsìnyí lọ, ó sì fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe máa dá ojúlówó mọ̀.

Màmá, ẹ kú àbọ̀ láti ilẹ̀ mímọ́. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ hàn dáadáa, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Owó fàdákà yẹn kì í ṣe owó àtijọ́. Ọmọ yín rí i bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n owó idẹ kékeré yẹn jọ ojúlówó lójú mi, ìdì tí ọmọ yín rí létí rẹ̀ gan-an sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí olùtajà ń sọ kò lè sọ owó di ojúlówó, ìwé ẹ̀rí náà kò sì lè ṣe é. Ohun méjì ló ń jẹ́rìí sí owó àtijọ́: ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, àti ọwọ́ tí ó ti kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwé tí wọ́n fún yín, ẹni tó ta ọjà ló kọ ọ́. Mi ò tíì rí olùtajà tó kọ̀wé pé ọjà òun ò dára.

Fàdákà yín ní orúkọ láàárín àwa tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ. Ṣékélì Görlitz là ń pè é. Görlitz jẹ́ ìlú kan ní Jámánì. Ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Georg Emmerich rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1465, nígbà tó sì yá wọ́n kọ́ ẹ̀dà ibojì Olúwa sí ìlú náà, àwọn onígbàgbọ́ tí kò lágbára àtidé Jerúsálẹ́mù ń wọ́ lọ síbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600 ni irú fàdákà yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí wọ́n ń tà á fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ọgbọ̀n owó fàdákà. Ẹni tó yà á mú ife orí ṣékélì gidi, ó sọ ọ́ di àwo tùràrí tó ń rú èéfín. Ó mú ẹ̀ka tó ní èso pómégíránétì mẹ́ta, ó sọ ọ́ di ẹ̀ka eléwé. Láti ìgbà náà títí di òní ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀, òmíràn nínú fàdákà, òmíràn nínú irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi fàdákà ra lójú. Ó dùn mí pé àwọn tí ìgbàgbọ́ gbé rin ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sábà máa ń tà á fún.

Lẹ́tà rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀ kíákíá jù. Hébérù onígun mẹ́rin ló wà lára tiyín, irú èyí tí ẹ rí lára pátákó ojú títì ní Ísírẹ́lì. Lára owó tí àwọn Júù lù nígbà tí wọ́n dìde sí Róòmù lẹ́ẹ̀mejèèjì, lẹ́tà Hébérù ti àtètèkọ́ṣe ni wọ́n lò, kò sì jọ ti òde òní rárá. Ní ayé ìgbà náà gan-an, lẹ́tà onígun ni wọ́n fi ń kọ̀wé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ padà sí ti ayé Tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́, kí owó wọn lè máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ pé ìjọba àwọn baba àwọn ti padà dé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ṣékélì ogun àwọn Júù tó ní lẹ́tà onígun wá fún yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ Júdásì pàápàá kò dúró, kódà ká ní ṣékélì ogun gidi ni wọ́n tà fún yín. Ní 66 lẹ́yìn ìbí Krístì ni àwọn Júù tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ṣékélì tiwọn, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà tí Júdásì ti kú. Fàdákà tí Tẹ́ḿpìlì ń gbà nígbà ayé Jésù ni ti ìlú Tírè, èyí tí wọ́n ti ń lù láti nǹkan bí 126 ṣáájú ìbí Krístì. Orí Melqart, òrìṣà tí àwọn ará Tírè ń bọ, wà lójú kan. Ẹyẹ idì dúró lójú kejì, àkọlé Gíríìkì sì yí i ká tó ń pe Tírè ní ìlú mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ lẹ́nu pé owó tó ní orí òrìṣà ni wọ́n fi ń san ààbọ̀ ṣékélì tí òfin béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n fàdákà rẹ̀ mọ́, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni àwọn àlùfáà ń wá. Owó tí Pétérù bá lẹ́nu ẹja nínú Mátíù orí 17, tó tó san ti Jésù àti ti Pétérù pọ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú ti Tírè ni. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n fàdákà ló wà lọ́kàn yín, Màmá, ti Tírè ni kí ẹ máa fojú wá. Ẹ kàn ní sùúrù, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jọjọ.

Ṣékélì ogun náà dára lójú púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ife orí rẹ̀ kò rú èéfín kankan. Lókè ife náà ni wọ́n kọ ọdún ogun sí, láti ọdún 1 títí dé ọdún 5. Àkọlé tó yí i ká ni “Ṣékélì Ísírẹ́lì.” Ẹ̀ka tó ní èso pómégíránétì mẹ́ta wà lójú kejì, wọ́n sì kọ “Jerúsálẹ́mù Mímọ́” yí i ká. Ti ọdún 2 àti ọdún 3 ló pọ̀ jù lónìí. Ti ọdún 5 ṣọ̀wọ́n gidigidi, torí oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n rí lù ú kí àwọn ọmọ ogun Titus, ọ̀gágun Róòmù, tó sun Tẹ́ḿpìlì ní 70. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Yigael Yadin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wa ilẹ̀ Masada, odi agbára kan lórí òkè nítòsí Òkun Òkú, láàárín 1963 sí 1965, ṣékélì wà lára ohun tí wọ́n rí, ti ọdún 5 sì wà láàárín wọn, èyí tó fi hàn pé àwọn tó sá jáde kúrò ní Jerúsálẹ́mù gbé e lọ síbẹ̀. Ní 2012, wọ́n ta ṣékélì ọdún 1 kan tó ṣọ̀wọ́n ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ti ọdún 2 lásán ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àwọn aṣayédèrú máa yá.

Ó kan owó opó. Ẹ rántí opó tálákà inú Máàkù orí 12, tó sọ owó idẹ wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ìṣúra. Alexander Jannaeus, tó jọba Jùdíà láti 103 sí 76 ṣáájú ìbí Krístì, ló lu irú tó wà lọ́rùn yín. Ó lù ú lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ènìyàn sì ṣì ń ná an lọ́pọ̀ ìran lẹ́yìn ikú rẹ̀, títí kan ìgbà ayé Jésù. Nítorí náà, olùtajà kò parọ́ bó bá ní irú owó tí opó náà lè ti mú lọ́wọ́ nìyí. Ẹni tó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń sọ àsọdùn. Owó yìí pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, pàápàá èyí tó ti gbó bíi tiyín. Èrè orí ayédèrú rẹ̀ kéré, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ojúlówó pọ̀ lọ́jà ju ayédèrú lọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú owó idẹ kékeré ti Róòmù, èyí tí wọ́n lù ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn Jésù, wọ́n á sì pè é ní owó opó. Bí ẹ bá rí orí olú-ọba tó dé adé àti lẹ́tà Látìn lára rẹ̀, irú rẹ̀ nìyẹn. Owó àtijọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti opó.

Ìdì tí ọmọ yín rí ńkọ́? Ó gbọ́n tó fi wo etí owó, torí ibẹ̀ ni èmi náà máa ń kọ́kọ́ wò. Lára fàdákà, ìdì bẹ́ẹ̀ ìbá kó mi láyà sókè. Ṣùgbọ́n owó idẹ àwọn ọba ìdílé Hasmonea, ìyẹn ìdílé Jannaeus, àti ti Hẹ́rọ́dù, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Wọ́n gbẹ́ ihò róbótó-róbótó sára òkúta ẹfun pẹrẹsẹ, wọ́n la ojú ọ̀nà tóóró láti ihò kan dé òmíràn, wọ́n yọ́ idẹ, wọ́n sì dà á sí i. Bí ó bá ti tutù, idẹ róbótó tó so mọ́ra wọn ní ọ̀wọ́ ni yóò jáde. Wọ́n á wá fi òǹtẹ̀ sókè sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi òòlù lù ú kí àwòrán lè wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ni ìdì yẹn. Torí pé ihò náà fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ojú kan owó náà máa ń fẹ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ, etí rẹ̀ á sì dagun. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí irú òkúta ẹfun bẹ́ẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Nítorí náà, ìdì àti etí tó dagun lára owó Jannaeus, ẹ̀rí rere ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìrántí kì í sábà ronú láti fi í kún un.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ni èyí: àwọn ará àtijọ́ da irin náà, wọ́n lu àwòrán sí i lára. Ayédèrú tí wọ́n dà, irin àti àwòrán ni wọ́n dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kì í ṣeé fi pamọ́ lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Nígbà tí òòlù bá ba òǹtẹ̀, irin máa ń sá wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ náà, etí lẹ́tà á mú, ẹ ó sì rí ilà tín-tìn-tín tó ń sáré lọ sí etí owó. Owó tí ẹgbàá ọdún ti jẹ lójú pàápàá máa ń ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ìmú yẹn níbi tó rẹlẹ̀ jù. Lára ayédèrú tí wọ́n dà, lẹ́tà á rọ̀, etí rẹ̀ á ṣe kúlúrú bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi fọ aṣọ, ihò wẹ́wẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ há sí á sì wà káàkiri ojú rẹ̀. Bí ẹ bá yí etí rẹ̀ wò, ẹ lè rí ilà kan tó yí i ká ní àárín, níbi tí apá méjì àwòdà ti pàdé, tàbí kí ẹ rí i pé wọ́n ti fi ayùn fá ibẹ̀ kí ilà náà má bàa hàn.

Ẹ̀rí kan wà tó lágbára ju gbogbo èyí lọ, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi lu owó àtijọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ kan náà lè lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún, síbẹ̀ kò sí méjì tí ẹ̀là etí rẹ̀, ibi tí àwòrán yà sí, àti ibi tó ti gbó jù yóò bára mu pátápátá. Bí ẹ bá rí owó méjì tó ní ẹ̀là kan náà níbì kan náà, tí àwòrán wọn yà sí apá kan náà, ayédèrú ni ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjèèjì. Ẹ wá inú íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa kí ẹ tó san owó lé fàdákà ńlá kankan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbejì rẹ̀ ti wà níbì kan.

Òṣùwọ̀n ńkọ́? Lórí fàdákà, ó ṣe pàtàkì. Ṣékélì ogun àti ti Tírè ń wọn nǹkan bí gíráàmù 14, ààbọ̀ rẹ̀ ń wọn nǹkan bí 7. Èyí tó bá wọn gíráàmù 11 tàbí 17, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Lórí idẹ, òṣùwọ̀n kì í sọ púpọ̀. Owó Jannaeus kan lè wọn ìlọ́po méjì èkejì, torí bí iye idẹ tí wọ́n kó sínú òkúta ẹfun bá ti pé, wọn kì í bìkítà bí ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò bá dọ́gba.

Àwọ̀ tí ilẹ̀ fún owó idẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn jù, ibẹ̀ sì ni ìtànjẹ pọ̀ sí. Owó tó sùn sínú ilẹ̀ gbígbẹ Jùdíà máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú tó dán, iyanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú á sì há sáàárín àwòrán rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí lẹ́tà yọ gedegbe. Ó lẹ́wà, ó sì ń gbé owó sókè, nítorí náà àwọn kan máa ń po iyanrìn mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi pa owó lára. Tí ẹ bá rẹ owó idẹ sínú acetone, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, lóru ọjọ́ kan, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí iná kò sí nítòsí, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà á bó kúrò. Àwọ̀ tí ilẹ̀ fún un kò ní yí padà. Iyanrìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò sọ pé owó tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ayédèrú o. Ó kàn lè jẹ́ pé wọ́n fi bo ojú tó ti jẹ, tàbí lẹ́tà tí ẹnì kan fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tún gbẹ́.

Owó ogun kejì ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Simeon Bar Kokhba dìde sí Róòmù láti 132 sí 135. Kò dá owó tuntun sílẹ̀ láti inú irin tútù. Owó Róòmù tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ló gbà, ó sì lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé orí àwọn olú-ọba. Níbi tí imú Trajan tàbí Hadrian wà tẹ́lẹ̀, èso àjàrà, háàpù, fèrè tàbí ẹnu ọ̀nà Tẹ́ḿpìlì tí Róòmù ti wó ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá tẹ owó náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó máa rí àlòkù lẹ́tà Látìn tàbí Gíríìkì, nígbà míì ẹ ó rí àgbọ̀n olú-ọba lábẹ́ lẹ́tà Hébérù. Àwòrán tó wà nísàlẹ̀ yẹn jẹ́ ẹ̀rí tó dára, torí aṣayédèrú tó ń da irin kì í rọrùn fún un láti ṣe é kó jọ òtítọ́. Mo ní ẹ̀rí tó dára, n kò ní ẹ̀rí tó parí, torí àwọn kan ti ń lu òǹtẹ̀ òde òní sórí owó Róòmù gidi tó ti gbó. Lára àwọn tí wọ́n fi idẹ ṣe, wọ́n kọ́kọ́ fi ayùn fá ojú owó kí wọ́n tó lù ú, nítorí náà ilà ayùn lójú owó idẹ Bar Kokhba kì í ṣe ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ rí i pé àmì kan náà tó ń ba owó kan jẹ́ ló ń gbè fún òmíràn. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí òfin kan ṣoṣo tí mo lè fún yín tí yóò ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn; ẹ ní láti mọ owó kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. Àwọn ọba Hasmonea kò ya orí ènìyàn sára owó wọn, nítorí òfin Mósè. Ẹni tó bá mú owó John Hyrcanus, baba Jannaeus, tàbí ti Jannaeus fúnra rẹ̀ tó ní ojú ọba lára wá, ó ń tàn yín. Owó Pọ́ńtíù Pílátù náà kò ní orúkọ Pílátù lára, ti Tìbéríù Késárì ló wà níbẹ̀, lédè Gíríìkì. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n ni ọdún rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀: ṣíbí ìbọ̀rìṣà àwọn ará Róòmù tí wọ́n lù ní 29 sí 30, àti ọ̀pá oríkọdọrọ tí àwọn woṣẹ́woṣẹ́ wọn ń lò, tí wọ́n lù ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí “Pílátù” gbàgàdà lára owó, ẹ̀gbà ọrùn òde òní ni.

Ọwọ́ tí owó ti kọjá ni ẹ̀rí kejì, mo sì gbà pé ó wúwo tó ti àkọ́kọ́. Owó lè jẹ́ ojúlówó, kó sì jẹ́ ẹrù olè. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn tí ń wa ilẹ̀ jí nǹkan rí ìdá mẹ́rin ṣékélì kan ti ọdún 4 ogun àkọ́kọ́ ní àfonífojì Elah, níbi tí Dáfídì ti bá Gòláyátì jà. Wọ́n gbé e gba Jọ́dánì kọjá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ìwé irọ́ gbé e wọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ́ tà á ní gbàǹjo ní Denver ní 2017 kí ìjọba tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní 2022 ni wọ́n dá a padà fún Ísírẹ́lì. Ibi tí wọ́n ti wú u, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, bóyá inú ilé ni, bóyá inú ibojì ni, bóyá ẹni tó fi pamọ́ ní láti sá. Gbogbo ohun tí owó yẹn ìbá sọ fún wa ti bá a lọ.

Òfin Ísírẹ́lì ti 1978 sọ pé ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ṣáájú 1700 jẹ́ ohun àtijọ́, ti ìjọba sì ni èyí tí ẹnikẹ́ni bá rí nínú ilẹ̀ láti ìgbà náà. Olùtajà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ohun àtijọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ohun àtijọ́ jáde ní orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìyọ̀ǹda. Nígbà tí ẹ bá tún lọ, Màmá, ìwé méjì wọ̀nyẹn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tó ní àwòrán Tẹ́ḿpìlì lókè. Ẹ má ra owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́ láti àpò nítòsí ibi tí ẹ ń ṣèbẹ̀wò sí, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lóko ni. Bó bá ń parọ́, ayédèrú ló ń tà. Bó bá sọ òtítọ́, olè jíjà ló ń pè yín sí.

Láti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fàdákà sílẹ̀ ná. Ẹ ti ní ti Jannaeus. Ẹ wá ti Pílátù kan tí ọdún rẹ̀ hàn, àti owó idẹ ogun àkọ́kọ́ ti ọdún 2, èyí tó ní ìkòkò ẹlẹ́tí méjì lójú kan, ewé àjàrà lójú kejì, tí wọ́n kọ “Òmìnira Síónì” yí i ká. Méjèèjì kì í wọ́n kọjá agbára, wọ́n sì pọ̀ tó láti fi ṣe àfiwé. Ní ọ̀dọ̀ olùtajà tó mọṣẹ́, ẹ ó rí nọ́ḿbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ Hendin tàbí ti Meshorer wà níwájú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì tó to owó àwọn Júù lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn, nọ́ḿbà náà á sì jẹ́ kí ẹ lè wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn. British Museum àti American Numismatic Society ti gbé àwòrán owó wọn sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ẹ máa wò wọ́n lálaalẹ́ títí ojú yín á fi mọ ojúlówó kí ọpọlọ tó bá a sọ̀rọ̀. Kí ọmọ yín ní London kọ̀wé sí ẹ̀ka owó ní British Museum, kó béèrè fún ọjọ́ tí wọ́n á gbé owó Jùdíà jáde fún un láti wò. Ojú tó ti yá tó láti rí ìdì kékeré yẹn lórí fóònù á jèrè púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú tàbí ọṣẹ ìfọdẹ kankan fọ owó opó yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ni ara rẹ̀, bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ dán, kò sí bí a ṣe lè dá a padà. Ojú ọjọ́ wa tún lọ́rinrin ju ti ibi tí wọ́n ti wú u lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀tù aláwọ̀ ewé títàn tó ń hù lójú rẹ̀, tó sì ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ bá nù ún, àrùn idẹ nìyẹn, ó sì lè jẹ ẹ́ run. Ẹ máa bọ́ ọ lọ́rùn kí ẹ tó wẹ̀ àti nígbà tí ẹ bá ń làágùn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tó dé pa pẹ̀lú àpò kékeré agbọ̀rinrin tó máa ń wà nínú páálí bàtà.

Ṣékélì Görlitz yẹn, ẹ lè tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà tó ti pẹ́, ó ní iyì tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí àwọn arìnrìn-àjò. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gidi sára páálí tí ẹ bá kó o sí, kí ẹni tó bá jogún rẹ̀ má baà tà á fún ẹlòmíràn bí owó Júdásì. Kí n tó lè sọ bó ṣe pẹ́ tó, mo nílò ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, àwòrán ojú méjèèjì ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ láìlo iná fóònù, àti àwòrán etí rẹ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.